Sùrájù àti Alágbàsọ Rẹ̀

Nínú agboolé Bàbá Àlíù, lẹ́yìn ọjà Òkè Àrin, ènìyàn kì í fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀, kì í fúnra rẹ̀ tọrọ, kì í sì í fi ẹnu ara rẹ̀ yin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣẹ̀, ó ní ẹni tí yóò bá a kúnlẹ̀. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá rí ìyàwó, ó ní ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì ṣe ohun ìwúrí, àgbà kan ni yóò dìde níwájú àwọn àgbà yòókù, tí yóò la ọ̀nà ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fọwọ́ kan olóhun. Iṣẹ́ olóhun ni kí ó dákẹ́, kí ó sì dọ̀bálẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá parí. Alágbàsọ ni wọ́n ń pe ẹni tó ń báni sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú àṣà yìí ni wọ́n bí Sùrájù sí ní ọdún 1947, ìyá bàbá rẹ̀, Àmúdàtù, tí gbogbo agboolé mọ̀ sí Ìyá Àgbà, ló sì fi tọ́ ọ dàgbà.

Kí a má purọ́, Sùrájù kò ya odi. Láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lè dá àpárá tí wọn yóò fi di inú mú. Ṣùgbọ́n níwájú àgbà, ahọ́n rẹ̀ a wúwo bí òkúta, pàápàá bí ó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìpàdé.

Ọdún 1971 ni ilé-iṣẹ́ kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí Tinúbú Square gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́ wọn ni láti máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹrù tí ọkọ̀ òkun ń já sí èbúté Àpápá, kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ẹ̀rọ náà gba odindi yàrá ńlá kan. Inú òtútù ló ń gbé tọ̀sán-tòru, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ a sì máa wọ súwẹ́tà ní àárín Èkó bí ẹni pé Jọ́ọ̀sì ni wọ́n wà. Ètò kan, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé, wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ olórí gbogbo ètò: òun ní í kọ́kọ́ jí, òun ní í pín àyè àti àsìkò fún àwọn yòókù. Súpáfáísọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Ìtọ́jú súpáfáísọ̀ yìí ni wọ́n fi Sùrájù sí, lábẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndé.

Ọmọ Iléṣà ni Ọlátúndé, ó sì fi ọdún mẹ́sàn-án ju Sùrájù lọ. Yàrá méjì ló gbà nínú ilé àwọn Àgùdà kan ní Pópó Àgùdà, ìwé kún inú méjèèjì dé àjà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ilá. Òun ló kọ́ Sùrájù bí a ti í ka ìwé àwọn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ máa ń pọ̀ jáde bí ó bá dákú. Òun ló ń bá a pín búrẹ́dì àti àkàrà lọ́sàn-án. Nígbà tí Sùrájù fẹ́ Hàwáwù ní ọdún 1974, Ọlátúndé wà láàrin àwọn tó bá a sọ̀rọ̀ nílé àna, bó tilẹ̀ jẹ́ Kristẹni, ó sì sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá Hàwáwù fi béèrè bóyá ó ní àbúrò tó ṣì ń wá ìyàwó. Láti ọjọ́ náà, "Bọ̀dá mi" ni Sùrájù ń pè é, kò sì pè é bẹ́ẹ̀ lórí ahọ́n lásán.

Àìsàn kan wà lára súpáfáísọ̀ náà. Ètò púpọ̀ ní í ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ẹ̀rọ. Kí méjì má baà kọ̀wé sójú kan náà kí wọ́n sì ba ti ara wọn jẹ́, àgádágodo wà lẹ́nu ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n jọ ń lò. Ètò tó bá fẹ́ wọlé yóò gba kọ́kọ́rọ́. Bó bá ṣe tán, yóò dá a padà kí ẹlòmíràn lè gbà á. Ó dùn ún sọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọwọ́ púpọ̀ ló ti kan súpáfáísọ̀ náà láti òkè òkun wá títí dé Èkó, oníkálukú ló sì ń kan àgádágodo tirẹ̀ mọ́ ọn bí ayálégbé ṣe ń kan ìṣó mọ́ ògiri onílé. Ibi mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti ń gba kọ́kọ́rọ́. Ibi mọ́kànlélógójì ni wọ́n ti ń dá a padà, àwọn ọ̀nà àbáyọ kan sì wà tí ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé láti dá a padà rárá. Ìgbà mìíràn, ètò kan á di kọ́kọ́rọ́ yìí mú, á máa dúró de tọ̀hún; èkejì á di tọ̀hún mú, á máa dúró de èyí. Kò sí èyí tí yóò jọ̀wọ́. Gbogbo iná ojú ẹ̀rọ á dúró gbagidi, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á dákẹ́, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù á sì tò ní Àpápá láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ẹrù tí kò ní ìwé kò lè jáde. Oògùn kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni mọ̀ fún un ni kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n sì tún un tàn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1977, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà, Alàgbà Bùsàrí, pe gbogbo wọn jọ. Ó ní àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò gba ẹnì kan ṣoṣo láti Èkó fún ọdún kan, ní ibi tí wọ́n ti ń kọ súpáfáísọ̀ gan-an. Ẹni tó bá wo àìsàn ẹ̀rọ yìí sàn ni òun yóò fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni Sùrájù kò ti fẹ́ ohun mìíràn láyé. Kì í ṣe òkè òkun ló ń wù ú. Ó ti fi ọdún mẹ́fà ka iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn tí kò rí rí, ó mọ èyí tó ní sùúrù nínú wọn, ó mọ èyí tó ń kánjú. Ó fẹ́ jókòó láàrin wọn, kí wọ́n sì mọ̀ pé òun náà ń bẹ.

Oṣù mẹ́rin ló fi ṣe bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti ṣe: ó ń fi àgádágodo kún àgádágodo. Àìsàn náà ń le sí i. Ìgbà tí ààwẹ̀ dé nínú oṣù kẹjọ ni ojú rẹ̀ là, ìdí ààrò agboolé wọn ló sì ti là.

Òjò ń rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ààrò kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ òrùlé nínú ọgbà wọn, ìkòkò ńlá tí ó lè gba oúnjẹ ìṣínu gbogbo ilé sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ìyàwó ilé kan ti jókòó ti ààrò, ó ti dáná. Èkejì ti gbé ìkòkò mọ́ àyà.

"Gbé ìkòkò wá, ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́!"

"Ìwọ dìde nídìí ààrò ná! Ṣé orí rẹ ni n ó gbé e kà?"

"N ò dìde!"

"Èmi náà ò gbé e sílẹ̀! Ká jọ máa gbààwẹ̀ títí di ọdún Iléyá."

Wọ́n pe ìrun, kò sí oúnjẹ. Ìyá Àgbà bá yọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. "Ta ló fọwọ́ kan ìkòkò kí ó tó gba ààrò? Ìwọ ni, àbí? Ìlẹ̀kùn wo lo gbà wọ ilé yìí tí wọn ò sọ fún ọ? Nínú ilé yìí, ààrò la kọ́kọ́ ń gbà. Ẹni tí kò bá gba ààrò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò. Bí ẹ bá sì sè é tán, bó jinná, bó jóná, bó dànù sínú iná, iwájú mi níbí lẹ ó gbà jáde, ibí lẹ ó kó gbogbo rẹ̀ sí. N ò béèrè bó dùn. Ohun tí ẹ mú ni kí ẹ dá padà."

Èso dàbínù tí Sùrájù fẹ́ fi ṣínu kò dé ẹnu rẹ̀. Ohun tí ó ti ń gbọ́ láti ìgbà èwe, bí ẹni ń gbọ́ ohùn òjò lórí páànù, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Láti ọjọ́ kejì, kò fi nǹkan kan kún súpáfáísọ̀ mọ́. Yíyọ ló ń yọ. Ó kó àgádágodo kúrò ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún. Ó fi ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo rọ́pò wọn: ètò tó bá fẹ́ kọ́kọ́rọ́ yóò wá síbẹ̀, tẹ̀lé-n-tẹ̀lé sì ni yóò máa gbà wọ́n, kò lè gba ti ẹ̀yìn kí ó tó gba ti iwájú. Ó di gbogbo ọ̀nà àbáyọ mọ́kànlélógójì, ó dá ẹyọ kan sí. Bí iṣẹ́ yọrí, bí kò yọrí, ibẹ̀ ni ètò yóò gbà jáde, yóò sì kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí ó tó lọ.

Nígbà tó kó ìwé rẹ̀ lọ fún Ìbídùn, obìnrin tí ń bá wọn lu ọ̀rọ̀ sára káàdì tí ẹ̀rọ ń kà, Ìbídùn gbé e wò lọ́wọ́, ó yí i sẹ́yìn, ó yí i síwájú.

"Sùrájù, àìsàn kan náà yìí ló gba káàdì ẹgbẹ̀rún kan lé ogóje lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá. Kí ló dé tí tìrẹ fi tín-ín-rín báyìí? Ṣé ebi ń pa á ni?"

"Ààwẹ̀ là ń gbà, Sìsí Ìbídùn."

"Ìwọ lò ń gbààwẹ̀ ni, àbí ìwé?"

Ọ̀ọ́dúnrún káàdì ó lé méjìlá ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi dán an wò, ẹ̀rọ náà kò dákú lẹ́ẹ̀kan. Ọlátúndé gbá Sùrájù mọ́ra nínú òtútù yàrá ẹ̀rọ. "Ọmọ yìí! O ti pa ejò tó lé gbogbo wa sórí àga!"

Ibẹ̀ ni Sùrájù ti ṣe àṣìṣe tí kò sí ẹni tí ì bá ṣe é bí kò ṣe ọmọ irú agboolé tí a bí i sí. Kò lọ bá Alàgbà Bùsàrí. Ó kó àpótí káàdì náà, ó kó gbogbo ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ, títí kan èyí tó fi ń rò ó lójú ọ̀nà, ó kó wọn lọ sí Pópó Àgùdà, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀gá. Ẹ ti sọ ọ́ rí fún mi nílé Hàwáwù, ó sì yọrí sí rere."

"Ṣé ó dá ọ lójú? Iṣẹ́ rẹ mà ni."

"Ṣé ènìyàn máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní akin ni? Ẹ̀yin lẹ mọ bí a ti í bá wọn sọ ọ́."

Nígbà tí Ìbídùn gbọ́, ó pòṣé. "Ẹnu tìrẹ ńkọ́? Ṣé iyọ̀ lo fi pa mọ́ sínú ẹ̀?"

"Sìsí, ẹ̀yin ará òkè ò mọ bí a ṣe ń ṣe é ní Ìsàlẹ̀ Èkó."

"Ó dáa. Ìjẹ̀bú ni wá. Fúnra wa la máa ń pe ara wa."

Ìpàdé tí àwọn ọ̀gá ti fẹ́ gbọ́ bí a ṣe wo àìsàn náà sàn bọ́ sí oṣù kẹwàá. Àwọn olùdarí mẹ́rin wà níbẹ̀, pẹ̀lú Alàgbà Bùsàrí àti òyìnbó méjì tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ rán wá. Sùrájù jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó gbé àpótí káàdì lé itan. Ọlátúndé dìde nínú kóòtù dúdú, ó bẹ̀rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán ní ọjọ́ náà bí abẹ tuntun. Ní ìbẹ̀rẹ̀, "àwa" ló ń sọ: àwa wò ó, àwa rí i. Sùrájù ń mi orí. Bẹ́ẹ̀ ni alágbàsọ í ṣe, ìdí pẹpẹ ló ti í bẹ̀rẹ̀ kí ó tó gun òkè. Ó pẹ́ díẹ̀, "àwa" di "èmi": mo ronú sí i pé, mo pinnu pé. Ọkàn Sùrájù kò tíì mì. Ó rò pé bí ọ̀rọ̀ bá dé òkè tán, Bọ̀dá yóò yí padà, yóò na ọwọ́ sẹ́yìn, yóò ní olóhun rèé.

Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó náà tọ́ka sí i. Ó bi Ọlátúndé ta ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí.

Ọlátúndé wo ẹ̀yìn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òun ló bá mi to àwọn káàdì náà," ló wí. "Ọmọ tó tẹpá mọ́ṣẹ́ ni."

Ó jókòó. Ọ̀rọ̀ parí. Ara Sùrájù ṣe ohun tí ọgbọ̀n ọdún ti kọ́ ọ láti ṣe bí alágbàsọ ẹni bá jókòó: ó gbé àpótí sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí rọ́ọ̀gì. Àwọn olùdarí rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn. Òyìnbó kejì sọ pé ó wu òun láti rí bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń bu ọlá fún ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Ọlátúndé. Nílé ìyàwó, kò sí ẹni tó lè rò pé alágbàsọ ni ọkọ, nítorí gbogbo ilé ló mọ ẹni tó ń fẹ́ ọmọ wọn. Nínú yàrá yìí, kò sí ẹni tó ṣe bí ẹni tó mọ olóhun. Àyà Sùrájù wà nílẹ̀, ilẹ̀ náà tutù, ó sì gbọ́ àtẹ́wọ́ náà lókè orí rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé. Ọlátúndé ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń retí ní oṣù kìn-ín-ní. Sùrájù bá a ní ẹnu àtẹ̀gùn.

"Bọ̀dá mi, mo rí lẹ́tà."

"Bá mi yọ̀, àbúrò."

"Ẹ gbàgbé láti dárúkọ mi."

Ọlátúndé wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. "Sùrájù, ta ló ní kí n sọ̀rọ̀? Ṣé mo fà ọ́ ni? Ìwọ lo kó ẹrù wá sílé mi."

"Mo ní kí ẹ bá mi sọ ọ́ ni. N ò ní kí ẹ gbà á."

"Wọ́n wo ìwọ, wọ́n wo èmi. Ṣé o rò pé wọn yóò rán ẹni tí kò lè la ẹnu lọ síbẹ̀? Bí mo bá dárúkọ rẹ, kò ní sí ẹni tí wọn máa mú nínú wa. Àti pé, ta ló kọ́ ọ? Ọdún mẹ́fà! Ìwọ fúnra rẹ lo dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú gbogbo wọn. Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ mi, kí lo ń dọ̀bálẹ̀ sí?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló gún Sùrájù jù, nítorí Ọlátúndé mọ ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ náà jẹ́. Ó ti rí i rí nílé Hàwáwù. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fi ata sẹ́nu, ó sì tún ń béèrè ìdí tí omi fi ń dà lójú ẹni.

Ìbídùn ní kó lọ bá Alàgbà Bùsàrí lọ́jọ́ náà gan-an. "Èmi ni n ó jẹ́rìí rẹ. Ọwọ́ yìí ni mo fi lù ú, àfọwọ́kọ rẹ ni mo sì ń wò lù ú." Ṣùgbọ́n Sùrájù tún padà sí ọ̀nà tí ó mọ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé, ó ní kí àwọn àgbà bá òun pe Ọlátúndé.

Ọlátúndé wá ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kejìlá, ó wọ agbádá, ó gbé àpò ọsàn lọ́wọ́. Ìyá Àgbà jókòó lórí àga rẹ̀. Alájì Jíbrílù, ẹ̀gbọ́n bàbá Sùrájù, tí í ṣe olórí agboolé, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí ni nǹkan tí ẹ ń jà lé lórí gan-an?" Ìyá Àgbà béèrè. "Ṣé ó ṣe é fọwọ́ mú?"

"Inú ẹ̀rọ ló wà, Ìyá," ni Sùrájù wí.

"Ẹ kò lè bù ú sí méjì?"

"Ìyá," Ọlátúndé wí, ó dọ̀bálẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tutù bí omi àmù, "kò sí ìjà kankan. A jọ kọ ọ́ ni. Èmi ló kàn láti ṣáájú. Ẹni tó bá ti ṣáájú dé ibì kan ni yóò fa ẹnìkejì rẹ̀ wọlé."

Sùrájù la ẹnu. Alájì Jíbrílù gbé ọwọ́ sókè. "Ìwọ dákẹ́. Àwa la wà níbí." Ó yí sí Ọlátúndé. "Ọ̀rọ̀ rẹ dára. Ẹ̀gbọ́n a máa ṣáájú. Sùrájù, dárí jì í. Ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ jẹ́ ká ka Fátíhà sí i." Wọ́n kà á, wọ́n fi ọwọ́ pa ojú. Ọlátúndé náà pa á.

Ìgbà tí wọ́n ṣe tán ni ọmọ Iléṣà tún rẹ́rìn-ín. "Ìyá, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti parí, ohun kékeré kan kù. Àwọn òyìnbó yóò bi mí léèrè lọ́hùn-ún. Kí Sùrájù ṣàlàyé fún mi, ètò tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá yọrí, kí ló dé tí a kò fi jẹ́ kó jáde ní ojú ẹsẹ̀, tí a fi gbọ́dọ̀ fà á wá sí ẹnu ọ̀nà kan náà?"

"Ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n rẹ," ni Ìyá Àgbà wí.

Sùrájù kò kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu rí láyé rẹ̀. Ó ṣàlàyé. Ojú ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní bó jinná, bó jóná, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni, kí ẹni tó ń lọ má baà gbé kọ́kọ́rọ́ lọ pẹ̀lú ìbínú tàbí ìtìjú, nítorí pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ gan-an ló máa ń gbàgbé láti dá nǹkan onínǹkan padà.

Ọlátúndé ń kọ ọ́ sínú ìwé péńpé kan.  Ìyá Àgbà tẹ̀ síwájú lórí àga.

"Ọmọ Iléṣà. Àṣẹ ìdí ààrò mi ni ọmọ yìí ń kà jáde yẹn. O ní ẹ jọ kọ ọ́ ni. Báwo lo ṣe jọ kọ ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè?"

Bíírò dúró lórí ìwé. 

"Jíbrílù," ni Ìyá Àgbà wí, "ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, kò dáhùn."

Alájì Jíbrílù ń ka tẹ̀sùbáà lọ, kò gbé ojú sókè. "Fátíhà ti lọ sí i, Ìyá. A kì í ká àdúà padà nílẹ̀. Ọmọ wa yóò rí òmíràn kọ."

Ọlátúndé dìde, ó dúpẹ́, ó fi àpò ọsàn sílẹ̀. Sùrájù kò sìn ín dé ẹnu géètì. Ìwé péńpé náà ló ń wò bí ó ti ń wọ inú àpò agbádá lọ.

Ní ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 1978, Alàgbà Bùsàrí ránṣẹ́ pè é. Ìwé kan wà lórí tábìlì rẹ̀, èyí tó sọ pé Sùrájù yóò máa bójú tó iṣẹ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndé ṣe sí súpáfáísọ̀ títí tí olóhun yóò fi dé.

"Buwọ́ lù ú níbí."

Sùrájù ka ìwé náà tán. Ó tún un kà. "N ò lè buwọ́ lù ú, sà."

"Kí ló dé?"

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Alàgbà Bùsàrí gbé bíírò sílẹ̀. "Inú ń bí ọ. Lọ sílé, kí o mú àgbà kan wá, kí ó bá mi sọ ọ́ bó ṣe yẹ."

"Kò sí ẹni tí n ó mú wá, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ó sì sọ ọ́ ní ìdúró, ní èdè Yorùbá, láti orí ààrò àti ìkòkò títí dé orí káàdì ìgbẹ̀yìn. Ahọ́n rẹ̀ wúwo ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń kọsẹ̀. Nígbà tó yá, kò kọsẹ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n pe Ìbídùn. Ó ní kí wọ́n kọ̀wé sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n bi Ọlátúndé ní ohun mẹ́ta tí òun yóò dárúkọ. Bíi wákàtí kan ló fi sọ̀rọ̀, Alàgbà Bùsàrí kò sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tó parí, àgbà náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Mo gbà ọ́ gbọ́," ló wí. "Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni èmi náà. Bí o ti na àyà sílẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì lọ́jọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé alágbàsọ lo fi í ṣe. Ọmọ iṣẹ́ kì í dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn fún ọ̀gá. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ náà, sà?"

"Àwọn àlejò jókòó. N ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìjà ilé wa. Mo ní bó bá dùn ọ́, ìwọ yóò wá." Ó da awò padà sójú. "Oṣù mẹ́ta ni mo fi retí rẹ. Ó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú láti àná, Sùrájù. Àyè kan ṣoṣo ni."

 Sùrájù fi ìka kan ti ìwé náà padà sí Alàgbà Bùsàrí lórí tábìlì, láìbuwọ́lù, ó sì jáde. Nínú yàrá ẹ̀rọ, àwọn iná kékeré ń tàn, wọ́n ń kú, wọ́n ń tàn, iṣẹ́ ń lọ, kò sí ètò kan tó ń dúró de ìkejì rẹ̀. Ọdún mẹ́rin sí i ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìbídùn ló sọ ọ́ níkẹyìn pé, nínú gbogbo ọdún náà, òun kò gbọ́ kí ó pe ẹnikẹ́ni nínú ilé-iṣẹ́ náà ní bọ̀dá mọ́.